Aáyù, Àlùbọ́sà àti Jẹjẹrẹ Àpò Oúnjẹ: Ohun tí Ìwádìí Sọ àti Ohun tí Kò Sọ

  

Nígbà tí akọ̀wé wa tẹ̀ mí láago pé èmi ni ìgbìmọ̀ yàn láti sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, mo ní kí wọ́n lọ wá dókítà, ṣebí àwọn dókítà pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Ó ní àwọn dókítà ti sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì léraléra, pé ọ̀rọ̀ wọn dára, ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà ní àwọn kò gbọ́ ju "ẹ kú ìjókòó" àti "ẹ ṣeun" lọ nínú rẹ̀. Ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ àti ìlera ní èdè tí a ń sọ nílé. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ó yé gbogbo wa pé èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ìmọ̀ nípa ewéko ni mo kà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, mo sì lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú iṣẹ́ ìjọba, ní ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn, kí n tó fẹ̀yìn tì ní 2019. Ohun tí ń hù láti inú ilẹ̀ ni mo mọ̀ dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ara ènìyàn lónìí, mo kà á ni, mo sì tún un kà léraléra, nítorí ìdí kan tí ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ.

Púpọ̀ nínú yín mọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, aránṣọ tí ó rán aṣọ ẹgbẹ́ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé rẹ̀ ni mo dé sí nígbà tí mo kọ́kọ́ wá sí Kàdúná láti lọ sí Zaria ní 1979, yàrá kan ṣoṣo tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ní náà ni wọ́n ta ẹní sí fún mi. Ní 2011, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé inú ń ta òun. Bí ó bá jẹ òkèlè mẹ́ta mẹ́rin, yóò ní òun ti yó. A ní ọ́sà ni. Ta ni kò ní ọ́sà ní orílẹ̀-èdè yìí? Ó ń ra oògùn olómi funfun tí ń pa ìtara inú, ó ń mu ún bí ẹni ń mu mílíìkì.

Lásìkò náà ni mo ka ìròyìn kan nínú ìwé ìròyìn pé àwọn onímọ̀ ti rí i pé èròjà inú aáyù ń dí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ àpò oúnjẹ lọ́wọ́ láti dàgbà. Mo gé ìròyìn náà. Mo fi fún ẹ̀gbọ́n mi. Èmi tí mo kàwé, èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá ní iléeṣẹ́ ìjọba, èmi gan-an ni mo sọ fún un pé kí ó máa jẹ aáyù tútù ní àràárọ̀, pé bí ohun burúkú kan bá tilẹ̀ fẹ́ wà níbẹ̀, aáyù yóò kojú rẹ̀. Èmi ni mo ń rà á fún un lọ́jà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ṣòkòtò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì dúdú bí ọ̀dà, ìyàwó rẹ̀ kò béèrè lọ́wọ́ mi mọ́, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná àti kámẹ́rà lẹ́nu wò ó láti ọ̀fun dé inú. Jẹjẹrẹ ni. Ó ti kọjá àpò oúnjẹ, ó ti dé inú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jáde láyé ní 2012, ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Nígbà tí a ń kó ẹrù rẹ̀, mo bá bébà tí mo gé fún un nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi pamọ́ sáàárín ìwé tí ó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí.

Fún ìgbà pípẹ́ ni mo fi rò pé ìwé ìròyìn náà purọ́ fún mi. Kò purọ́. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí ó sọ kọ́ ni mo kà. Ìdí nìyẹn tí mo fi yan ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí aáyù fúnra rẹ̀, tí àwọn tí a jọ ń gbé ní ìhà ibí ń pè ní tafarnuwa. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti àlùbọ́sà. Bí ẹ bá mú ẹyọ aáyù kan tí ẹ kò tíì gé, tí ẹ gbé e sí imú, òórùn rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ wá fi ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó fọ́, gbogbo ilé yóò gbọ́. Kí ló fà á? Nínú aáyù tútù, èròjà kan wà tí ń jẹ́ alliin, tí ó ní imí ọjọ́ nínú. Ní yàrá mìíràn nínú aáyù kan náà, ẹ́ńsáìmù kan wà tí wọ́n ń pè ní alliinase. Ògiri wà láàárín àwọn méjèèjì. Ìgbà tí a bá gé e tàbí tí a bá gún un ni ògiri wó, tí wọ́n pàdé, tí wọ́n sì di ohun tuntun tí ń jẹ́ allicin, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré. Allicin yìí ni òórùn yẹn. Ohun ìjà ni, aáyù fi ń lé kòkòrò àti ẹranko tí ó bá fẹ́ jẹ ẹ́ sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Cavallito àti Bailey, ni wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní 1944, wọ́n sì rí i pé ó ń pa kòkòrò àìfojúrí.

Allicin kì í pẹ́ kó tó yí padà. Bí ó bá jókòó díẹ̀, pàápàá nínú òróró, yóò di àwọn èròjà mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn ni diallyl disulfide, tí àwọn onímọ̀ gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí DADS. Orúkọ rẹ̀ wúwo lẹ́nu, ṣùgbọ́n òun ni ẹni tí a ń wá, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí jẹjẹrẹ àpò oúnjẹ ti dá lé.

Àlùbọ́sà ní ètò tirẹ̀. Ohun tí tirẹ̀ ń dà nígbà tí a bá gé e ni ó ń mú kí omi jáde lójú àwọn ìyá wa, kì í ṣe allicin. Àlùbọ́sà tún ní èròjà kan tí ń jẹ́ quercetin, èyí tí ó pọ̀ jù lọ ní àwọn ìpele òde rẹ̀. Nígbà tí mo ń bá àwọn àgbẹ̀ àlùbọ́sà ṣiṣẹ́ ní apá Makarfi, mo máa ń bá àwọn ìyàwó tí wọ́n ń bó ìpele méjì mẹ́ta dànù jà, pé apá tó dára ni wọ́n ń sọ sí ààtàn yẹn. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín ni. Ẹ jẹ́ kí á fi àlùbọ́sà sílẹ̀ níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn jù.

Kí wá ni DADS ń ṣe fún jẹjẹrẹ? Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara wa, bí búlọ́ọ̀kù ṣe jẹ́ fún ilé. Awọ inú àpò oúnjẹ wa ń gba ìyà lójoojúmọ́: ásíìdì, ata, oúnjẹ gbígbóná. Nítorí náà ojú awọ náà ń pààrọ̀ ara rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan péré, sẹ́ẹ̀lì kan ń pín sí méjì láti rọ́pò èyí tó ti gbó. Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìlànà tí ó wà nínú rẹ̀, kí ó sì kọjá ní àwọn ẹnubodè bíi mélòó kan, níbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀dà náà pé. Bí kò bá pé, wọ́n dá a dúró. Bí àtúnṣe kò bá ṣeé ṣe, sẹ́ẹ̀lì náà a pa ara rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ni èyí tí kò gbọ́ràn sí ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè lẹ́nu mọ́. Ó ń pín, ó ń pín, kò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó kú.

Àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà mú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n yọ lára aláìsàn, irú èyí tí wọ́n ti ń tọ́jú nínú láàbù fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n dà á sínú àwo kékeré pẹ̀lú omi oúnjẹ tí yóò fi máa dàgbà, wọ́n sì da DADS sí i. Wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà dúró sójú kan ní ẹnubodè tí ó kẹ́yìn, èyí tí ó wà ní gẹ́rẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó là sí méjì. Àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn. Ìdàgbà wọn sì falẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n rí i, kì í sì í ṣe láàbù kan ṣoṣo. Òótọ́ ni. Ohun tí mo gé nínú ìwé ìròyìn ní 2011 nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ fi ọkàn bá mi lọ níbí yìí. Bí ẹ bá da omi gbígbóná sínú àwo yẹn, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yóò kú. Bí ẹ bá da iyọ̀ púpọ̀ sí i, yóò kú. Bí ẹ bá da hípò tí a fi ń fọ aṣọ funfun sí i, kíá ni yóò kú, kò sì sẹ́ni tí yóò ní kí á máa mu hípò. Ohun tí àwo fi hàn wá ni pé nǹkan kan ṣeé ṣe. Kò sọ pé yóò ṣẹlẹ̀ nínú ènìyàn. Nínú àwo, èròjà náà wà lára sẹ́ẹ̀lì tààrà, ní ìwọ̀n tí onímọ̀ fẹ́, fún wákàtí tí ó fẹ́. Nínú ènìyàn ńkọ́? Aáyù tí a jẹ yóò pàdé ásíìdì, yóò pàdé ẹ̀bà, yóò kọjá lọ. Bí ó bá wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ yóò yí i padà. Wọ́n ti wá allicin nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n jẹ aáyù, wọn kò rí i, ó ti di nǹkan mìíràn kí ó tó débẹ̀. Òórùn tí ń jáde lẹ́nu wa ní ọjọ́ kejì, tí a fi ẹyín fọ̀ tí kò lọ, láti inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró ni ó ti ń wá, kì í ṣe láti ẹnu, èròjà mìíràn sì ni. Ẹ má sì gbàgbé pé jẹjẹrẹ tó ti di kókó kì í wà lójú awọ nìkan, ó ń wọlé lọ sínú ẹran.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó fi ìyàtọ̀ yìí hàn ju gbogbo àlàyé mi lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́, ó yẹ kí á mọ ọ̀tá fúnra rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníṣègùn fi rò pé ìrònú àti ata ni ó ń fa ọgbẹ́ inú. Ní 1982, ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, Dókítà Robin Warren àti Dókítà Barry Marshall rí kòkòrò àìfojúrí kan tí ó lọ́ bí okùn nínú àpò oúnjẹ àwọn aláìsàn. Helicobacter pylori ni wọ́n ń pè é lónìí. Àwọn ènìyàn kò gbà wọ́n gbọ́, nítorí wọ́n ní kò sí ohun tí ó lè gbé inú ásíìdì. Ní 1984, Marshall da kòkòrò náà sínú omi, ó gbé e mu. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, inú rẹ̀ sì wú. (Èmi kò mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ fún un, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí tèmi ì bá sọ.) Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Ọgbọ́n tí kòkòrò náà ń dá ni pé ó máa ń sá pamọ́ sábẹ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ó bo awọ àpò oúnjẹ, ó sì ń ṣe èròjà tí ó ń pa ásíìdì ní àyíká ara rẹ̀. Ó lè wà níbẹ̀ láti kékeré títí di ọjọ́ ikú, kí ó má ṣe nǹkan kan tí a lè fura sí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn kan, ó ń mú kí awọ náà máa wú, kí ó máa gbó, kí ó máa tín-ín-rín, títí tí sẹ́ẹ̀lì kan yóò fi yà kúrò lọ́nà. Ní 1994, àjọ tí ó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Nísinsìnyí, àpẹẹrẹ tí mo sọ. Nínú àwo láàbù, omi aáyù ń dí Helicobacter lọ́wọ́ láti dàgbà, wọ́n tẹ ìyẹn jáde ní 1997. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Ní 1999, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà mú àwọn ènìyàn bíi méjìlá tí kòkòrò náà wà nínú wọn, wọ́n fún wọn ní ẹyọ aáyù mẹ́wàá tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sínú oúnjẹ. Ẹyọ mẹ́wàá o! Wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò. Kòkòrò kò mira. Ó wà níbẹ̀ bí onílé. Àwo sọ bẹ́ẹ̀ ni, ikùn sọ rárá.

Ṣé aáyù wá jẹ́ òfo ni? Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Shandong ní Ṣáínà, àgbègbè kan wà tí ń jẹ́ Linqu, níbi tí jẹjẹrẹ àpò oúnjẹ ti ń pa ènìyàn gidigidi. Ní 1989, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n bi àwọn aláìsàn 564 àti àwọn 1,131 tí kò ní àrùn náà ní ohun tí wọ́n ń jẹ. Àwọn tí wọ́n ń jẹ aáyù, àlùbọ́sà àti àwọn ẹbí wọn jù lọ, ewu tiwọn kò ju ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ewu àwọn tí wọ́n ń jẹ ẹ́ kéré jù lọ. Nǹkan ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń jẹ aáyù púpọ̀ lè jẹ́ ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀fọ́ tútù púpọ̀ tí kì í sì í jẹ oúnjẹ oníyọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tó ṣiṣẹ́?

Wọ́n ṣe ohun tí ó tọ́. Ní 1995, ní Linqu kan náà, wọ́n kó ènìyàn 3,365 jọ, wọ́n sì pín wọn bí ẹni ta tẹ́tẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà yan ibi tí yóò wà. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn tí ó ń pa Helicobacter fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, amoxicillin àti omeprazole. Wọ́n fún àwọn kan ní fítámì C àti E pẹ̀lú selenium. Wọ́n fún àwọn kan ní aáyù, kì í ṣe tútù, bí kò ṣe èyí tí wọ́n ti rẹ títí tí ó fi gbó, pẹ̀lú òróró aáyù, nínú kápúsù. Àwọn yòókù gba kápúsù tí kò ní oògùn nínú, wọn kò sì mọ èyí tí wọ́n ń gbà. Ọdún méje ó lé díẹ̀ ni wọ́n fi lo fítámì àti aáyù. Lẹ́yìn náà wọ́n ń tọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí lẹ́yìn títí di 2017. Nínú iṣẹ́ ìjọba tí mo ṣe, ètò tí a kò bá rí èrè rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin, a ti gbàgbé ibi tí fáìlì rẹ̀ wà. Àwọn wọ̀nyí tọ̀ ọ́ fún ọdún méjìlélógún.

Àbájáde àkọ́kọ́, tí ó jáde ní 2006, bà wọ́n nínú jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ aáyù. Kò dín àwọn àpá tí ó ń ṣáájú jẹjẹrẹ kù. Èyí tí ó jáde ní 2019 ni ó wá kún rẹ́rẹ́. Láàárín ọdún méjìlélógún náà, jẹjẹrẹ àpò oúnjẹ mú ènìyàn 151, ó sì pa 94 nínú wọn. Láàárín àwọn tí wọ́n lo oògùn kòkòrò fún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, iye tí àrùn náà mú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlàjì ti àwọn tí kò lò ó. Fítámì náà dín in kù. Ní ti aáyù, iye tí àrùn náà pa fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù, ṣùgbọ́n iye tí ó mú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ tó ohun tí onímọ̀ lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ẹnu? Wọn kò sọ pé aáyù ń wo jẹjẹrẹ. Wọ́n ní ó jọ pé ó ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀, nínú àwọn tí wọ́n lò ó fún ọdún méje kí àrùn tó dé. Kò sí ẹnì kankan nínú ìwádìí yìí tí a fún ní aáyù nítorí pé ó ti ní jẹjẹrẹ.

Èyí ni kókó tí n kò mọ̀ ní 2011. Bí aáyù bá lágbára kankan, agbára ẹ̀ṣọ́ ni, kì í ṣe ti oníṣẹ́ abẹ. Mo gbé ẹ̀ṣọ́ wá fún ilé tí olè ti wọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò béèrè pé, ṣé ọ̀rọ̀ àwọn ará Ṣáínà kàn wá? Ìbéèrè gidi ni. Kòkòrò Helicobacter wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa gan-an, síbẹ̀ jẹjẹrẹ àpò oúnjẹ tí a ń rí kò pọ̀ tó bí kòkòrò náà ṣe pọ̀. Ní 1992, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Holcombe pe ọ̀rọ̀ yìí ní àdìtú Áfíríkà, àwọn onímọ̀ sì ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí di òní. Àwọn kan ní irú kòkòrò tiwa yàtọ̀, àwọn kan ní oúnjẹ wa ni. Àwọn mìíràn ní a kò kàn ka àwọn tó kú ni, nítorí ilé ìwòsàn tí ó ní rọ́bà oníkámẹ́rà kò tó nǹkan, ẹni tí ó sì kú sílé, "inú rírun ni ó pa á" ni a ń sọ. Èmi kò lè dá ẹjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe àdìtú lójú tèmi.

Ní ti ilé ìdáná, ẹ jẹ́ aáyù o, ẹ má bẹ̀rù. Nǹkan kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ yí padà. Ooru ń pa ẹ́ńsáìmù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ju odidi aáyù sínú ọbẹ̀ tí ń hó, tàbí tí ẹ gún un tí ẹ sì dà á sínú epo gbígbóná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ́ńsáìmù kò ní ráyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lára eku ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní 2001, fi hàn pé bí a bá fọ́ aáyù tí a sì jẹ́ kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iná tó kàn án, apá kan nínú agbára rẹ̀ ń dúró. Nítorí náà, ẹ gún aáyù lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ tó lọ ṣa ẹ̀fọ́ àti kí ẹ tó gé ẹran. Ìyàwó mi ní òun ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́ láìlọ sí yunifásítì kankan.

Àwọn kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, pàápàá pẹ̀lú kápúsù aáyù tí wọ́n ń tà káàkiri. Ẹni tí ó ń lo oògùn tí ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, bíi warfarin, tàbí tí ó ń lo aspirin lójoojúmọ́, kí ó sọ fún dókítà rẹ̀, nítorí aáyù púpọ̀ lè fi kún un kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dá. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún náà ń kọ́? Kí ó sọ ọ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Wọ́n ti rí i pẹ̀lú pé kápúsù aáyù dín ìwọ̀n saquinavir, ọ̀kan nínú oògùn HIV, kù nínú ẹ̀jẹ̀ tó ìlàjì. Ẹ má sì fi aáyù tútù lé ara ọmọ ọwọ́ nítorí àkóràn kankan, ó ń jó awọ bí iná. Ní ti àwọn tí ń ta àgbo aláàyù nínú ọkọ̀, tí wọ́n ní ó ń wo jẹjẹrẹ, ìtọ̀ ṣúgà àti àìrọ́mọbí pọ̀, mo fi ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ohun tí ó yẹ kó gbé ènìyàn dé ilé ìwòsàn láìsọ pé "ó di oṣù tó ń bọ̀" nìwọ̀nyí, mo sì mọ̀ wọ́n nítorí gbogbo wọn ni mo rí lójú mi tí n kò kà wọ́n sí: kí ènìyàn máa tètè yó lórí oúnjẹ díẹ̀, kí ó máa rù láìgbààwẹ̀, kí oúnjẹ máa há a lọ́fun, kí ó máa bì lemọ́lemọ́, kí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kí ara rẹ̀ funfun kí ó sì máa rẹ̀ ẹ́ nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún tí inú tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta á, kí ó má fi oògùn olómi funfun bò ó mọ́lẹ̀.

Ní ti Helicobacter, wọ́n lè yẹ ìgbẹ́ wò, tàbí kí ènìyàn mí sínú àpò kan lẹ́yìn tí ó bá mu èròjà kan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ṣe kíákíá ní ìsọ̀ oògùn kò lè sọ bóyá kòkòrò náà ṣì wà tàbí ó ti lọ, ẹ má fi owó yín ṣòfò lé e. Kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ tàbí ti èémí, ẹ gbọ́dọ̀ dá omeprazole dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, àti oògùn apakòkòrò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí dókítà sì mọ̀ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyẹ̀wò náà lè parọ́. Dókítà ni yóò sọ oògùn tí ẹ ó lò, kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín, kì í sì í ṣe èmi.

Ẹni tí bàbá, ìyá tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ti ní jẹjẹrẹ àpò oúnjẹ, ewu tirẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí mo kà á, mo ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó yé mi pé èmi ni wọ́n ń sọ. Mo ṣe àyẹ̀wò ní ọdún tí mo fẹ̀yìn tì. Kòkòrò náà wà níbẹ̀. Mo lo oògùn fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ẹnu mi korò bí ewúro, inú mi ń rú, ìyàwó mi sì ń ka kóró oògùn náà láràárọ̀ kí n má baà fo ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù méjì mo tún àyẹ̀wò ṣe, kò sí mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀. Mẹ́ta ti ṣe àyẹ̀wò tiwọn, a sì ti tọ́jú èyí tí wọ́n bá kòkòrò lára rẹ̀. Ẹni kẹrin ni ó gba ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá rẹ̀. Ó máa ń sọ fún mi pé iṣẹ́ pọ̀, pé lẹ́yìn ọdún, lẹ́yìn ìgbéyàwó ti lágbájá. Ó jókòó sínú gbọ̀ngàn yìí lónìí, òun ni ó rán aṣọ tí mo wọ̀. Mo ti bá a sọ ọ́ láàárọ̀ yìí pé ọjọ́ Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ, èmi yóò wà ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò.